Ilé-Ìwé Tí Ó Gba Gbogbo Ọmọ

Ní oṣù kẹsàn-án ọdọọdún, ìlú Àjàṣẹ́ a máa jí ní kùtùkùtù. Àwọn ọmọdé a wọ aṣọ kakí, wọn a gbé àpò ìwé kọ́ ẹ̀yìn, wọn a sì máa rìn lọ sí ilé-ìwé láti Ouando títí dé Attakè, láti Djègan-Daho títí dé Djassin. Bàbá a máa ka owó ìwé, ìyá a máa wá bàtà tí ó bá ẹsẹ̀ ọmọ mu. Ẹni tí ó bá wo ojú pópó ní àárọ̀ ọjọ́ náà yóò rò pé gbogbo ọmọ ìlú ni ó ti jáde. Ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú àgbàlá mìíràn, ọmọ kan wà tí a kò ra ìwé fún, tí a kò rán aṣọ fún, tí ẹnikẹ́ni kò sì béèrè ọdún tí yóò wọ kíláàsì kìn-ín-ní. Ó lè jẹ́ adití. Ó lè jẹ́ afọ́jú. Ó lè jẹ́ pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ni kò gbé e. Ó sì lè jẹ́ ọmọ tí ọ̀rọ̀ kì í tètè yé. Orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ìwé ọ̀gá ilé-ìwé. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n bá ń ka iye ọmọ tí ó wá àti iye àwọn tí kò wá, wọn kì í kà á mọ́ àwọn tí kò wá pàápàá.

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa pa òwe yìí mọ́ ọmọ aláìgbọràn. Ṣùgbọ́n kí a tún òwe náà gbọ́ dáadáa. Kò sọ pé ọmọ tí ó kọ ẹ̀kọ́. Ó ní ọmọ tí a kò kọ́. Ẹrù náà kò sí lórí ọmọ. Orí ẹni tí ó yẹ kí ó kọ́ ọmọ ni ó wà.

Àwọn tí wọ́n ti dàgbà kí wọ́n tó mọ ìwé kà mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yìí jẹ́ ju ẹlòmíràn lọ. Wọ́n mọ bí ó ti rí láti di ìwé oògùn mú ní ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn kí a má mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Wọ́n mọ bí ó ti rí láti tẹ ìka sí ìwé ilẹ̀ tí ẹlòmíràn kà fún wọn bí ó ti wù ú. Wọ́n mọ bí ó ti rí kí ọmọ kékeré máa ka ọ̀rọ̀ àṣírí inú fóònù fún bàbá rẹ̀. Bí ẹni tí ó ríran, tí ó gbọ́ràn, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ dá ṣáṣá bá jìyà tó bẹ́ẹ̀ nítorí àìmọ̀wé, kí ni kí a sọ nípa ti adití? Ẹni tí ó gbọ́ràn lè fi ẹnu béèrè ọ̀nà. Adití tí ó mọ̀wé lè fi kálámù béèrè rẹ̀, ó lè kọ ohun tí ó ń ro ó sílẹ̀ fún dókítà, ó lè ka iye owó ọjà. Adití tí kò mọ̀wé kò ní èyíkéyìí nínú méjèèjì. Ọmọ tí ilé-ìwé ń tì sẹ́yìn ni ó nílò ìwé jù.

Òfin ti sọ̀rọ̀

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àánú. Ọ̀rọ̀ òfin ni. Òfin Ìpìlẹ̀ ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, tí ọjọ́ rẹ̀ jẹ́ 11 oṣù kejìlá ọdún 1990, sọ nínú ẹsẹ 13 pé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ jẹ́ dandan. Kò sọ pé dandan ni fún àwọn tí ó lè sáré nìkan. Nínú ẹsẹ 26, òfin kan náà sọ pé Ìjọba yóò máa bójú tó àwọn aláàbọ̀ ara àti àwọn arúgbó. Ní ọdún 2006, Ìjọba kéde pé ilé-ìwé ọmọ-jẹ́-ó-sinmi àti ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti Ìjọba di ọ̀fẹ́.

Ní ọdún 2006 náà, ní ọjọ́ 13 oṣù kejìlá, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fọwọ́ sí àdéhùn lórí ẹ̀tọ́ àwọn aláàbọ̀ ara. Ẹsẹ 24 àdéhùn náà dá lórí ẹ̀kọ́. Ó ní kí a má ṣe lé ọmọ kúrò nínú ètò ẹ̀kọ́ gbogbo ènìyàn nítorí àìpé ara rẹ̀. Bẹ̀nẹ̀ gba àdéhùn náà wọlé ní ọdún 2012. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹsàn-án ọdún 2017, orílẹ̀-èdè yìí ṣe òfin tirẹ̀, òfin 2017-06, èyí tí ó dá lórí ìdáàbòbò àti ìgbéga ẹ̀tọ́ àwọn aláàbọ̀ ara.

Kí gbogbo ìwọ̀nyí tó ṣẹlẹ̀, àwọn aṣojú Ìjọba 92 ti pàdé ní ìlú Salamanca ní ilẹ̀ Sípéènì ní oṣù kẹfà ọdún 1994. Ohun tí wọ́n fẹnu kò sí ni pé ilé-ìwé àdúgbò ni ó yẹ kí ó ṣètò ara rẹ̀ láti gba ọmọ, bí ọmọ náà ti wù kí ó rí. Tẹ́lẹ̀, ìbéèrè tí wọ́n máa ń béèrè ni pé: ǹjẹ́ ọmọ yìí yẹ fún ilé-ìwé? Láti ìgbà náà, ìbéèrè ti yí padà: ǹjẹ́ ilé-ìwé yìí yẹ fún ọmọ?

Nítorí náà, nígbà tí ìyá kan bá mú ọmọ rẹ̀ arọ wá sí ilé-ìwé, kò wá tọrọ sàráà. Ẹ̀tọ́ ọmọ rẹ̀ ni ó wá gbà. Ó dára kí ìyá mọ èyí. Ó dára jù kí ọ̀gá ilé-ìwé mọ̀ ọ́n.

Ohun tí ń dá ọmọ dúró sílé

Òfin wà, síbẹ̀ ọmọ ṣì wà nílé. UNICEF ṣírò ní ọdún 2021 pé àwọn ọmọdé tí ó ní àìpé ara ní gbogbo ayé súnmọ́ mílíọ̀nù 240. Iye náà jẹ́ ọ̀kan nínú ọmọ mẹ́wàá. Kò sí àdúgbò kan ní Àjàṣẹ́ tí kò ní tirẹ̀. Kí ni ó ń dá wọn dúró?

Ìtìjú ni àkọ́kọ́. Àwọn kan a máa sọ pé ìyá ọmọ ni ó ṣẹ̀, tàbí pé ẹbí ní gbèsè ìkọ̀kọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn oníṣègùn mọ ibi tí ọ̀pọ̀ nínú ọ̀ràn wọ̀nyí ti ń wá. Àìsàn yíyírùn ọrùn tí wọ́n ń pè ní mẹnẹnjíìtì lè di etí ọmọ. Èéyi lè ba ojú àti etí rẹ̀ jẹ́. Etí tí ń ṣọyún tí a kò tọ́jú lè gba ìgbọ́ràn lọ díẹ̀díẹ̀. Àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ ti sọ ọ̀pọ̀ ọmọ di arọ kí àjẹsára tó lé irú rẹ̀ tí ó gbilẹ̀ jù kúrò ní ilẹ̀ Áfíríkà, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti kéde ní oṣù kẹjọ ọdún 2020. Ọmọ tí ó pẹ́ jù ní ojú ọ̀nà nígbà ìbí lè ní ìpalára nínú ọpọlọ. Kò sí gbèsè ìkọ̀kọ̀ kan nínú èyí. Àìsàn ni, a sì lè dènà púpọ̀ nínú rẹ̀.

Àwọn baba ńlá pàápàá kò kọ́ni láti tijú irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Nínú àṣà Yorùbá, Ọbàtálá ni wọ́n gbà pé ó mọ ènìyàn. Wọ́n gbà pé tirẹ̀ ni àfín, abuké àti arọ, wọ́n sì ń pè wọ́n ní ẹni òrìṣà. Ẹni tí ó bá fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, òrìṣà ni ó fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹlẹ́sìn Mùsùlùmí tàbí Kìrìsìtẹ́nì lè má gba ìtàn yìí gbọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti ẹ̀sìn tirẹ̀: ọwọ́ Ẹlẹ́dàá ni ẹ̀dá ti wá. Síbẹ̀, ọ̀wọ̀ nìkan kò tó. Ọmọ tí gbogbo ilé ń bọ̀wọ̀ fún ṣùgbọ́n tí ẹnikẹ́ni kò kọ́ ní nǹkan, nígbà tí àwọn tí ń bọ̀wọ̀ fún un bá kú tán, ẹnu ọ̀nà mọ́sáláṣí tàbí ikorita ni yóò jókòó sí.

Ìfẹ́ ni èkejì, bí ó tilẹ̀ ṣòro láti gbà. Ìyá mìíràn kò fi ọmọ pamọ́ nítorí ìtìjú. Ẹ̀rù ni ó ń bà á. Ó ń bẹ̀rù ọ̀kadà lójú títì, ó ń bẹ̀rù èébú àwọn ọmọ ẹgbẹ́, ó ń bẹ̀rù ẹgba olùkọ́ tí kò mọ̀ pé ọmọ náà kò gbọ́ ohun tí òun sọ. Ẹ̀rù yìí ní ìdí. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni bú ìyá bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó yẹ ni kí ilé-ìwé mú ìdí ẹ̀rù náà kúrò.

Owó ni ẹ̀kẹta. Ilé-ìwé jẹ́ ọ̀fẹ́, ṣùgbọ́n ìwé, aṣọ àti oúnjẹ ọ̀sán kì í ṣe ọ̀fẹ́. Bí bàbá bá ní ọmọ márùn-ún tí owó kò sì tó, ẹni tí ó rò pé yóò san án padà lọ́la ni yóò kọ́kọ́ rán. Ó máa ń gbàgbé pé ẹni tí ó kù sílé ni yóò jẹ́ ẹrù fún àwọn mẹ́rin yòókù ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ bí kò bá mọ nǹkan kan ṣe.

Ẹ̀kẹrin wá láti ọ̀dọ̀ ilé-ìwé fúnra rẹ̀. Ọ̀gá ilé-ìwé lè wo ọmọ, kí ó mi orí, kí ó sì sọ fún òbí pé: «Ẹ mú un lọ sí ilé-ìwé àwọn irú rẹ̀.» Gbólóhùn kan ṣoṣo yìí ti parí ẹ̀kọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ kí ó tó bẹ̀rẹ̀.

Àwọn tí wọ́n ti la ọ̀nà

Kò yẹ kí a fojú kéré ilé-ìwé àkànṣe. Àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ fi han ayé pé adití àti afọ́jú lè kẹ́kọ̀ọ́. Louis Braille, ọmọ ilẹ̀ Faransé tí wọ́n bí ní ọdún 1809, fọ́jú ní kékeré nítorí irin iṣẹ́ awọ bàbá rẹ̀ tí ó gún un lójú ní ọmọ ọdún mẹ́ta. Kò tíì pé ọmọ ogún ọdún nígbà tí ó fi àmì tóótòòtó mẹ́fà ṣe ètò ìwé tí a ń fi ìka kà. Àmì mẹ́fà yẹn, bí a bá tò wọ́n ní oríṣiríṣi, yóò fún ni ní àpapọ̀ 63. Ó tó láti kọ Faransé, ó tó láti kọ Lárúbáwá, ó sì tó láti kọ Yorùbá pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀. Ní Kútọnu, ilé-ẹ̀kọ́ àwọn afọ́jú tí ó wà ní Sègbèya ti ń fi lẹ́tà yìí kọ́ ọmọ láti ọjọ́ pípẹ́.

Ní ti àwọn adití, orúkọ Andrew Foster kò ṣeé gbàgbé ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú ni. Mẹnẹnjíìtì di etí rẹ̀ nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún 11. Ní ọdún 1957, ó dá ilé-ìwé àwọn adití sílẹ̀ ní Accra ní ilẹ̀ Gánà. Ó dá òmíràn sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọdún 1960. Láti ibẹ̀ ó ń lọ láti orílẹ̀-èdè dé orílẹ̀-èdè, Bẹ̀nẹ̀ sì wà lára àwọn ibi tí iṣẹ́ rẹ̀ dé. Ó ń kọ́ àwọn adití fúnra wọn ní iṣẹ́ olùkọ́, kí wọ́n lè padà lọ kọ́ àwọn ọmọ ìlú wọn. Ọkọ̀ òfuurufú ni ó pa á ní Rwanda ní ọdún 1987. Èdè ọwọ́ tí ọ̀pọ̀ adití ń sọ lónìí ní àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà tí ń lo Faransé, ipasẹ̀ rẹ̀ ni ó gbà wọlé.

Ṣùgbọ́n ilé-ìwé àkànṣe kò pọ̀. Ìlú ńlá ni wọ́n máa ń wà. Ọmọ abúlé tí ó bá lọ síbẹ̀ yóò fi ìyá àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sílẹ̀ fún oṣù púpọ̀. Bí ó bá padà, àwọn ọmọ àdúgbò kò mọ̀ ọ́n mọ́, kò sì sí ẹni tí ó lè bá a sọ èdè ọwọ́ tí ó kọ́.

Nítorí náà ni àpẹẹrẹ tí ó wà ní Louho, ní Àjàṣẹ́ níbí, fi ṣe pàtàkì. Ilé-ẹ̀kọ́ kan wà níbẹ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ fún àwọn adití. Ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀ ni ibùdó ìgbàlejò, ẹ̀kọ́ àti ìdàpọ̀ àwọn adití. Ọ̀rọ̀ ìdàpọ̀ yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Ọmọ tí ń gbọ́ràn àti ọmọ adití jọ ń kẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀. Ọmọ tí ń gbọ́ràn ń fi ọwọ́ sọ̀rọ̀ bí ó ti ń fi ẹnu sọ ọ́. Ọmọ bẹ́ẹ̀, nígbà tí ó bá dàgbà tí ó di nọ́ọ̀sì, ọlọ́pàá tàbí oníṣòwò, adití tí ó bá wá sọ́dọ̀ rẹ̀ kò ní jẹ́ àlejò sí i. Àǹfààní náà kò dá sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Kí ọmọ wà nínú kíláàsì kò tó

Ó yẹ kí a sọ èyí kedere, nítorí àṣìṣe rẹ̀ wọ́pọ̀. Kí a gba ọmọ sínú kíláàsì kí a sì fi í sílẹ̀ síbẹ̀ kì í ṣe ẹ̀kọ́. Ọmọ adití tí ó jókòó lẹ́yìn, tí ó ń wo ẹnu olùkọ́ bí ó ti ń là tí ó ń pàdé, kò kẹ́kọ̀ọ́ kankan. Wọ́n kàn yí ibi tí ó jókòó sí padà ni. Ẹ̀kọ́ tí kò yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀ ń béèrè pé kí ilé-ìwé yí nǹkan díẹ̀ padà nínú ìṣe rẹ̀.

Púpọ̀ nínú àyípadà náà kò gba owó. Ọmọ àfín kì í ríran jìnnà dáadáa, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú rẹ̀ là. Kí ó jókòó sí iwájú, kí ó jìnnà sí fèrèsé tí oòrùn ti ń wọlé. Kí olùkọ́ jẹ́ kí ó dìde súnmọ́ pátákó nígbà tí ó bá fẹ́, kí ó kọ lẹ́tà gàdàgbà, kí ó sì ka ohun tí ó ń kọ sókè. Kí wọ́n jẹ́ kí ó dé fìlà ní àgbàlá, nítorí oòrùn ń pa awọ ara rẹ̀ lára. Gbogbo ọmọ tí ojú wọn kò dá ni yóò jẹ nínú àǹfààní yìí.

Ọmọ tí olùkọ́ ń pè ní olórí kunkun lè jẹ́ ọmọ tí kò gbọ́ràn dáadáa. Kí olùkọ́ dúró lẹ́yìn rẹ̀, kí ó pe orúkọ rẹ̀ jẹ́jẹ́. Bí kò bá yíjú padà, ilé ìwòsàn ni ó yẹ kí ó lọ, ẹgba kò lè wò ó sàn. Olùkọ́ tí ó ní irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ máa kọjú sí pátákó nígbà tí ó bá ń sọ̀rọ̀. Bí ọmọ náà kò bá gbọ́ rárá, èdè ọwọ́ ni ó nílò, ó sì nílò rẹ̀ ní kékeré. Ọmọ tí kò gbọ́ èdè ẹnu, tí ẹnikẹ́ni kò sì kọ́ ní èdè ọwọ́, yóò dàgbà láìní èdè kan tí ó dá múṣé.

Wárápá kì í ràn. Itọ́ ẹnu kò lè gbé e fún ẹlòmíràn. Bí ó bá gbé ọmọ ní kíláàsì, kí olùkọ́ kó àga àti tábìlì kúrò nítòsí, kí ó fi aṣọ rírọ̀ tì í lórí, kí ó sì dà á sí ẹ̀gbẹ́ kan. Kò gbọdọ̀ ki ṣíbí tàbí ìka bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Bí ó bá ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, kí wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Oògùn wà tí ń dá a dúró fún ọ̀pọ̀ ènìyàn bí wọ́n bá ń lò ó lójoojúmọ́. Kò sí ìdí kankan láti lé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kúrò ní ilé-ìwé.

Ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e nílò ọ̀nà tí kò ní àtẹ̀gùn. Ìṣirò rẹ̀ kò le: fún gíga sẹ̀ǹtímítà kan, kí ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà gùn ní sẹ̀ǹtímítà 12. Bí ẹnu ọ̀nà kíláàsì bá ga ní sẹ̀ǹtímítà 30, ọ̀nà náà yóò gùn tó mítà 3 àti sẹ̀ǹtímítà 60. Bírígìdìẹ tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ lè fi àpò sìmẹ́ǹtì díẹ̀ ṣe é. Kí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ náà ní ilẹ̀kùn tí ó fẹ̀ àti ibi tí ọwọ́ lè dì mú. Ọmọbìnrin tí kò lè wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ilé-ìwé kò ní pẹ́ kí ó tó dúró sílé.

Ọmọ tí ọ̀rọ̀ kì í tètè yé ni ó nílò sùúrù jù. Kí olùkọ́ gé iṣẹ́ sí kéékèèké. Kí ó lo òkúta, igi àti èso láti kọ́ ìṣirò. Kí ó sọ ọ̀rọ̀ náà ní Yorùbá tàbí ní Gun nígbà tí Faransé bá dí ọ̀nà. Kí ó fi ọmọ mìíràn tí ó mọ̀ ọ́n ṣe ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹni tí ń kọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, òun náà ń kọ́ ara rẹ̀.

Ohun tí àwọn kan ń sọ

Àwọn olùkọ́ kan sọ pé kíláàsì ti kún jù. Òótọ́ ni. Olùkọ́ kan tí ó dojú kọ ọmọ púpọ̀ nínú yàrá kan kò lè yà sọ́dọ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n kíláàsì tí ó kún kò tíì sọ pé kí wọ́n lé ọmọ tí ara rẹ̀ pé kúrò. Bí àyè bá há, ó há fún gbogbo ọmọ. Kò yẹ kí ó jẹ́ ẹni kan náà ni yóò máa jáde nígbà gbogbo.

Àwọn kan sọ pé àwọn kò kọ́ iṣẹ́ yìí ní ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́. Òótọ́ ni èyí náà, òun sì ni ó wúwo jù. Èdè ọwọ́ àti lẹ́tà Braille kì í ṣe ohun tí inúure nìkan lè fúnni. Iṣẹ́ Ìjọba ni láti fi wọ́n sínú ẹ̀kọ́ gbogbo olùkọ́ tuntun, láti san owó olùkọ́ tí ó gbọ́ èdè ọwọ́, àti láti tẹ ìwé ní lẹ́tà Braille. Òfin 2017 kò ní ní èso bí kò bá sí owó lẹ́yìn rẹ̀ lọ́dọọdún. Ilé-ìwé tí a bá pàṣẹ fún láti gba ọmọ afọ́jú láìfún un ní ìwé kan tí afọ́jú lè kà, ẹrù ni a dì fún un láìfún un ní òṣùká.

Àwọn òbí kan sì ń bẹ̀rù pé ọmọ aláàbọ̀ ara yóò fa ọmọ tiwọn sẹ́yìn. Èyí kì í ṣe òótọ́. Olùkọ́ tí ó bá kọ́ láti sọ̀rọ̀ kedere, láti kọ̀wé gàdàgbà, láti tún ọ̀rọ̀ sọ, láti fi nǹkan hàn kí ó tó ṣàlàyé rẹ̀, gbogbo kíláàsì ni ó ń kọ́ dáadáa.

Ọwọ́ ẹni tí ń darí ni ọ̀rọ̀ wà

Bí orí bá ti rí ni ara ń rí. Nínú ilé-ìwé méjì tí ó wà ní àdúgbò kan náà, tí owó wọn kò ju ara wọn lọ, ọ̀kan lè gba gbogbo ọmọ kí èkejì má gbà wọ́n. Ọ̀gá ilé-ìwé ni ìyàtọ̀ náà. Ọ̀gá tí ó bá gbà pé ọmọ gbogbo àdúgbò ni ọmọ òun kò ní dúró de àṣẹ kí ó tó bẹ̀rẹ̀.

Kí ilé-ìwé tó wọlé, kí òun àti ẹgbẹ́ òbí akẹ́kọ̀ọ́ bá olórí àdúgbò, ìmáàmù àti pásítọ̀ sọ̀rọ̀, kí wọ́n lọ láti ilé dé ilé, kí wọ́n sì kọ orúkọ àwọn ọmọ tí ó wà nílé sílẹ̀. Ohun tí a kò kà, a kò lè bójú tó o. Kí ó fi kíláàsì tí ó ní ọmọ arọ sí ìsàlẹ̀ ilé, kì í ṣe sí òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Kí ó sọ fún olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ ní ọjọ́ kìn-ín-ní pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi àìpé ara pe ẹlòmíràn. Kí ó wá àwọn olùkọ́ tí ó ti ní ìrírí, bí àwọn ti Louho, kí wọ́n wá kọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn. Bí ọmọ afọ́jú bá ń lọ ṣe ìdánwò CEP, kí ó ti fi tó àwọn aláṣẹ létí láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, kí ìbéèrè tí ìka lè kà lè wà ní ọjọ́ ìdánwò. Ọmọ tí ó fi ọdún mẹ́fà kẹ́kọ̀ọ́ kò yẹ kí ó pàdánù ìwé ẹ̀rí rẹ̀ nítorí lẹ́tà kan tí ẹnikẹ́ni kò kọ.

Mẹ́rì náà ní ipa tirẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá ń kọ́ kíláàsì tuntun, ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kò gba nǹkan tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ilé bá parí tán tí a ń wó o láti fi í sí i ni ó ń di owó ńlá. Kí àwọn tí ń fọwọ́ sí iṣẹ́ náà má ṣe gba ilé tí ọmọ arọ kò lè wọ̀.

Òbí kò sì gbọdọ̀ ká ọwọ́ gbera. Kí ó gba ìwé ìbí fún ọmọ aláàbọ̀ ara gẹ́gẹ́ bí ó ti gbà á fún àwọn yòókù, nítorí ẹni tí kò ní ìwé ìbí yóò rí ìdènà ní ẹnu ọ̀nà ìdánwò. Kí ó mú ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn kí ó tó mú un lọ sí ibòmíràn. Kí ó lọ sí ilé-iṣẹ́ ìgbéga àwùjọ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí CPS tẹ́lẹ̀, kí ó béèrè ìrànwọ́ tí ó wà. Bí ọ̀gá ilé-ìwé kan bá sì lé e padà, kí ó fi ohùn tútù béèrè pé kí ó kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀ lórí ìwé. Òbí tí ó ti mọ̀wé kà lónìí lè béèrè irú nǹkan bẹ́ẹ̀, ó sì lè ka èsì náà.

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ìka márùn-ún kò dọ́gba, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ń gé èyí tí ó kúrú dànù kí ọwọ́ lè gún régé. Bí ọmọ kan ní Àjàṣẹ́ bá fi ọdún mẹ́wàá jókòó sílé nígbà tí ilé-ìwé wà ní ìṣísẹ̀ igba sí i, ọdún mẹ́wàá náà kò ní padà. Kò sí Ìjọba tí ó lè dá a padà fún un, kò sì sí ẹ̀bẹ̀ tí ó lè rà á. Ọdún tí ń bọ̀ nìkan ni ó ṣì wà lọ́wọ́ àwọn àgbà.